Ìbọn tí Kò Dún Kì í Ṣe Òfìfo Ìbọn

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?" Apátí ni irin tí ìka ọdẹ ń fà kí ìbọn tó dún. Ohun tí òwe náà ń wí ni pé ẹni tí ó gbọ́n kì í dúró béèrè bóyá ìbọn pé tàbí kò pé kí ó tó yà kúrò ní iwájú rẹ̀. Orí ọgbọ́n yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dúró lé. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ìbọn tí a fà tí kò dún kì í ṣe òfìfo ìbọn. Ìbọn tí ó kún ni. Ó sì léwu ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò dún.

Ó ti pẹ́ tí ìbọn ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ fi ń pa ẹran, àgbẹ̀ fi ń lé ọ̀bọ àti ọ̀yà kúrò nínú oko, ẹgbẹ́ ọdẹ a sì máa yìn ín sókè nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣípà fún ẹni wọn tí ó kú. Ọdẹ a tún máa ṣọ́ ìlú lóru. Nígbà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a gbà sí iṣẹ́ náà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ohun ìjà wọ̀nyí sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé ó gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ọdẹ tí ń lo káàtírììjì àti àwọn tí ó jọ ọ́. Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ṣakabùlà. Kò sí èyí tí kò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ nìkan kò lè dá ọta dúró. Ìmọ̀ ni ó lè ṣe é, pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọdẹ àgbà kan tí ó mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí igbó ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí ń lo káàtírììjì ni ó wà lọ́wọ́ àgbà náà. Wọ́n rí ọ̀yà kan ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àgbà gbé ìbọn, ó wò ó dáadáa, ó fa apátí. Dípò kí ìbọn dún, "ká" péré ni wọ́n gbọ́. Ọ̀yà sá wọ inú koríko lọ. Ọmọ iṣẹ́ fò síwájú.

"Bàbá, ṣé ó ti kọ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Dúró síbẹ̀! Má ṣe kọjá síwájú mi."

Ọmọ náà dúró. Àgbà kò gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀ láti wo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣí i. Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lára apátí, ó sì kọ ẹnu ìbọn sí ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà níwájú, níbi tí kò sí ènìyàn tàbí òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, kí ni à ń dúró dè? Ẹran ti lọ."

"Ẹran ti lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọta kò tíì lọ. Òun ni à ń dúró dè."

Nígbà tí ó ka ọgbọ̀n tán, ó yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí i dájú pé ọmọ iṣẹ́ wà ní ẹ̀yìn òun, ó sì rọra ṣí ìbọn náà. Ó fa káàtírììjì jáde, ó sì wo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wo inú ọ̀pá ìbọn láti ìdí, kì í ṣe láti ẹnu, títí ó fi rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ní òdìkejì. Kò dá káàtírììjì náà padà sínú ìbọn. Ó dì í sínú àpò ọ̀tọ̀, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó dára.

Àwọn mìíràn lè rò pé ìbẹ̀rù ni ó mú àgbà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó mọ ohun tí ó wà nínú káàtírììjì ni. Ní ìdí rẹ̀ ni idẹ wà, ní àárín idẹ náà ni ojú róbótó kékeré kan sì wà tí ó ní oògùn iná nínú, gẹ́gẹ́ bí orí ìṣáná. Lókè rẹ̀ ni ẹtù wà. Lókè ẹtù ni ohun ìdínà kan wà, lókè ìdínà yìí sì ni ọta wẹ́wẹ́. Nígbà tí a bá fa apátí, irin ṣóńṣó kan a gún ojú róbótó yẹn, oògùn inú rẹ̀ a gbaná, iná a ran ẹtù, èéfín gbígbóná a sì fi agbára ti ọta jáde. Bí ohun gbogbo bá pé, gbogbo iṣẹ́ yìí a ti parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pa káàtírììjì, bí ó bá ti pẹ́ jù nínú àjà, tàbí bí oògùn iná rẹ̀ bá ti bàjẹ́, iná lè máa rá pálá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹtù. Ní àkókò ìdákẹ́jẹ́ yìí ni aláìmọ̀kan máa ń yí ìbọn sí ara rẹ̀ láti wo ohun tí ó ṣe é, tàbí kí ó ṣí i ní kíákíá kí ẹran má baà sá lọ. Bí ẹtù bá gbaná nígbà tí ìdí ìbọn wà ní ṣíṣí, kò sí irin tí yóò dá a dúró mọ́. Idẹ a fọ́, iná a sì bẹ́ lu ọwọ́ àti ojú.

Ní tòótọ́, ìdádúró iná kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, àwọn tí ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn jákèjádò ayé fi ìṣẹ́jú àáyá 30 ṣe òfin, kí ọwọ́ má baà yá ju ewu lọ. Kí ni ìṣẹ́jú àáyá 30 jẹ́? Kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń bó iṣu kan. Kò sí ẹran ìgbẹ́ tí iye rẹ̀ tó ojú ẹnì kan.

Ìdí káàtírììjì tí àgbà náà wò tún ní ìròyìn tirẹ̀. Bí irin ṣóńṣó bá ti gún ojú róbótó náà jinlẹ̀, ẹ̀bi káàtírììjì ni. Bí àmì rẹ̀ kò bá hàn dáadáa, tàbí tí kò sí rárá, ẹ̀bi ìbọn ni: ó lè jẹ́ pé irin náà ti jẹ, tàbí pé sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní yíyìn mọ́ títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí ìjọba sì fún ní àṣẹ, yóò fi tún un ṣe. Bí ìbọn bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, ọdẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹnu kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dojú kọ ẹnu tí ó kọ̀, wọn a sì gbàgbé pé èyí tí ó kù ṣì kún, ó sì ṣetán.

Nígbà mìíràn káàtírììjì a wú nítorí ọ̀rinrin, tàbí kí ìpẹtà wà nínú ìbọn, káàtírììjì a sì há tí kò ní jáde. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò tíì dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó yọ ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni oògùn iná wà. Kò gbọdọ̀ fi igi tì í láti ẹnu ìbọn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí iwájú ọta. Kí ó fi ìbọn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀, kí ó sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ kí ó tó kí i tán ni pé: "Ọta wà nínú rẹ̀."

Ewu kejì ni ti ìbọn tí ó dún, ṣùgbọ́n tí dídún rẹ̀ kò kún etí. Bí ìró rẹ̀ bá dà bí ti igi gbígbẹ tí ó ṣẹ́, tí ìdí rẹ̀ kò sì ta èjìká bí ó ti máa ń ta á, ó ṣeé ṣe kí ọta tàbí ìdínà ti há sí àárín ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá tún un yìn ní ojú ẹsẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ iná, ọ̀pá ìbọn a sì ya bí ìgbá ẹ̀fọ́. Kí ó dá ọwọ́ dúró, kí ó ka ọgbọ̀n, kí ó tú ìbọn, kí ó sì wo ihò rẹ̀ láti ìdí. Ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ a tún máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kó káàtírììjì nọ́ńbà 20 àti nọ́ńbà 12 pọ̀ sínú àpò kan. Nọ́ńbà 20 kéré sí nọ́ńbà 12. Bí a bá ṣèèṣì fi í sínú ìbọn nọ́ńbà 12, a yọ̀ wọlé, a sì há sí iwájú. Ọdẹ a fa apátí, ìbọn kò ní dún. Ó ṣí i, kò rí nǹkan kan, ó sì rò pé òun gbàgbé láti ki í. Bí ó bá wá fi nọ́ńbà 12 tẹ̀ lé e, ọ̀ràn ti dé. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe káàtírììjì fi máa ń kun nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ṣakabùlà ní ìwà tirẹ̀. Ẹtù tí a ń bù sínú rẹ̀ kò fẹ́ràn omi, èérí tí ẹtù jíjó sì ń fi sílẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, a sì máa dí ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Nítorí náà ni ó fi sábà máa ń kọ̀ ní ìgbà òjò. Bí ó bá kọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 kò tó fún un, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná lè máa jó wúlẹ̀wúlẹ̀ nínú àkísà tí a fi dí i. Kí ọdẹ dúró fún odidi ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Bí ó bá tilẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 2, kò pàdánù ohun kan. Lẹ́yìn náà kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, kí ó la ihò iná, kí ó fi ìmúná tuntun sí i, kí ó sì yìn ín sí inú ilẹ̀ ebè tàbí òkìtì níbi tí kò sí ẹ̀dá kankan. Bí ó bá tún kọ̀, kí ó bu omi sínú ọ̀pá ìbọn kí ẹtù lè rin gbingbin, kí ó sì wá fi ọ̀pá onírin lílọ́, èyí tí ó dà bí ìdè ìgò, fa àkísà àti ọta jáde ní sùúrù. Orí àti àyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà ní iwájú ẹnu ìbọn ní gbogbo àkókò náà.

Ohun méjì ni a kò gbọdọ̀ ṣe sí ṣakabùlà láéláé. Èkíní, a kò gbọdọ̀ gbé ìbọn tí ó kún sún mọ́ iná àgbẹ̀dẹ, ì báà ṣe láti gbẹ ẹ́ tàbí láti tún un ṣe. Ooru irin nìkan tó láti mú ẹtù gbaná, gbogbo ẹni tí ó jókòó sí àgbẹ̀dẹ ni yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Èkejì, a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pá ìbọn tí a fi páìpù omi ṣe. Omi ni a ṣe páìpù náà fún, a kò ṣe é fún iná.

Ìbọn ìléwọ́ tí ń ki ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti ológun. John Moses Browning, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1926, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn mú kí irú ìbọn yìí tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1911 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ọ̀kan nínú èyí tí ó ṣe. Àpótí ọta wà nínú èèkù rẹ̀. Bí ó bá ti dún, irin òkè rẹ̀ a sún sẹ́yìn, a ju idẹ òfìfo dànù, a sì ti ọta mìíràn wọlé bí ó ti ń padà bọ̀. Bí ọta bá há sínú rẹ̀, òfin kan náà ni: a kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu, a yọ ìka kúrò lára apátí, bí ó bá sì jẹ́ "ká" ni a gbọ́, a ka ọgbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni a ó yọ àpótí ọta ṣáájú ohun gbogbo. Bí ọta méjì bá fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà, a ní láti kọ́kọ́ fa irin òkè sẹ́yìn kí a fi kọ́, kí àpótí ọta tó lè jáde. Nígbà tí àpótí bá ti jáde ni a ó tó fa irin òkè sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìfi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí ọta ń gbà jáde, nítorí ọta lè dún níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, a ó fi irin náà kọ́ sẹ́yìn, a ó fi ojú wo inú ihò ọta, a ó sì fi ìka kàn án. Ẹni tí ó bá fa irin òkè nígbà tí àpótí ṣì wà nídìí rẹ̀ a yọ ọta kan jáde, òmíràn a sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Òun yóò máa wí pé ìbọn ti ṣófo, ìbọn yóò sì ti kún padà. Ará ìlú tí ó bá rí irú ìbọn yìí nílẹ̀ kò gbọdọ̀ dán ọ̀kan wò nínú ohun tí a sọ yìí. Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kí ó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni jù lọ ni ilé. Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ ní igbó a máa bínú, a gbé e kọ́ èjìká, a sì padà sílé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á. A fi ìbọn ti ara ògiri, a ní ilẹ̀ ọ̀la ni òun yóò wò ó. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ọmọdé ti jí. Ọmọdé kò mọ ìbọn tí ó kọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò kọ̀. Eré ni ó mọ̀. Òun náà a fa apátí bí ó ti rí bàbá rẹ̀ tí ń fà á, irin tí kò gún ojú káàtírììjì dáadáa ní àná a sì gún un dáadáa lónìí. Ìbọn tí kò pa ọ̀yà ní oko ni ó wá dún nínú ilé.

Nítorí náà, kí ìbọn tí ó kọ̀ má ṣe wọ ilé kí a tó tú u. Kí ọdẹ tú u ní igbó, tàbí kí ó dúró sí ẹ̀yìn ìlú kí ó tú u. Bí ó bá jẹ́ èyí tí òun kò lè tú, kí ó má ṣe fi àṣẹ́kù òru náà sùn tì í. Kí ó lọ kan ìlẹ̀kùn ẹni tí ó lè tú u. Nínú ilé, kí ìbọn wà nínú àpótí tí a tì, kí káàtírììjì àti ẹtù wà ní àpótí mìíràn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ onílé. Káàtírììjì tí ó kọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ sí ààtàn, níbi tí iná yóò ti jó o tàbí tí ọmọdé yóò ti ṣa á. Kí a kó o lọ fún ọlọ́pàá, tàbí fún ẹni tí ó ní àṣẹ láti máa tà á.

Àwọn ìyá pẹ̀lú ní iṣẹ́ tiwọn. Bí ọkọ bá ti igbó dé, ìbéèrè kan wà tí kì í ṣe àfojúdi: "Ẹ káàbọ̀, bàbá wa. Ṣé ẹ ti tú ìbọn?" Ọkọ tí ó mọ iyì ilé rẹ̀ kò ní bínú sí i. Àwọn olórí ọdẹ náà lè sọ ọ́ di àṣà pé, kí a tó jókòó ní ìpàdé, kí olúkúlùkù ṣí ìbọn rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí ó sì fi inú rẹ̀ hàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́: bí ìbọn bá kọ̀, kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀ rírọ̀, yọ ìka rẹ, dúró, kí o sì tú u kí o tó délé. Ìbọn tí kò dún kì í ṣe òfìfo ìbọn.